Awẹ́ Mẹ́rin Nínú Àwòrán

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ra apẹ̀rẹ̀ obì kan ní Ṣàgámù láìdà á sílẹ̀. Wọ́n á dà á sórí ẹní, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bú ẹni tó kó èyí tí kòkòrò jẹ sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí lọ́jọ́ tí mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò fún apẹ̀rẹ̀ gbànja mẹ́fà, gbogbo ọjà tí wọ́n ní.

"Kí lẹ fẹ́ rì mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Májèlé ni. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n fín sí gbànja Ṣàgámù ti ń pa èèyàn lókè Ọya. Ìyá ẹgbẹ́ àwa olóbì ló fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa orí fóònù. Èmi ò ní í fọwọ́ ara mi pààyàn."

Mo gba fóònù wọn. Àwòrán obì tó ti dúdú ni, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò dárúkọ ìlú, kò sọ ọjọ́. Ó kàn ní ká fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà.

"Awẹ́ mélòó ni gbànja máa ń ní?"

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni? Méjì!"

"Ẹ wá ka ti inú àwòrán yìí."

Wọ́n kà á. Mẹ́rin. Wọ́n tún un kà, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀. "Àbàtà! Obì àbàtà ni wọ́n fi ń ba gbànja mi lórúkọ jẹ́!"

Kò sí olóbì kan nínú ẹgbẹ́ orí fóònù yẹn tí kò lè mọ gbànja yàtọ̀ sí àbàtà nínú òkùnkùn. Bí obì bá wà lórí ẹní, ojú wọn á ríran. Bó bá ti wọ inú fóònù, gbogbo wọn á fọ́jú. Wọ́n wo ẹni tó fi ránṣẹ́, wọn ò wo ohun tó fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ sínú fóònù fún wọn: "Ẹ ka awẹ́ rẹ̀! Àbàtà ni!" Ìdáhùn dé wéréwéré: "Àmín." "Àmín láṣẹ Ọlọ́run." Ẹnì kan fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Kílẹ̀ tó ṣú, púpọ̀ nínú wọn ti da gbànja tiwọn nù. Àwa kó apẹ̀rẹ̀ wa padà wọlé, a dí ihò náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn oníbàárà dé láti òkè Ọya, wọ́n ń béèrè gbànja bí ìṣe wọn. Ìyá ẹgbẹ́ fúnra wọn pe ẹ̀gbọ́n mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbànja ṣì kù lọ́wọ́ yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ń pààyàn yẹn?"