Òṣó Tí Ìyá Mi Ló Ní Ọ́fíìsì Ìjọba

Òṣómàáló ni bàbá tó bí ìyá mi. Aṣọ ló ń tà láwìn káàkiri ìletò. Bí ọjọ́ owó bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi sanwó. Ìyá mi máa ń sọ fún wa pé ohun méjì ni bàbá òun kì í gbà nílé onígbèsè: àga àti omi. Ẹni tó bá jókòó, tó sì mumi, ti di àlejò nìyẹn, àlejò kì í sì í béèrè gbèsè.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Owó tó yá ní báńkì ayánilówó-kọ́lé ló fi ra ilé wa ní ẹ́sítéètì Dàda, Òṣogbo. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ lára owó iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi san án tán. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kó gba ìwé ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ wa ni máníjà báńkì yẹn, ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wa. Ikán ò ní jẹ ẹ́, iná ò ní jó o." Ìyá mi dúpẹ́, ó tún gbé iṣu lọ fún un. Ìjẹ̀ṣà tó ń bá aráyé du kọ́bọ̀, ẹ wá wò ó níwájú ará ìjọ rẹ̀!

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí báńkì fi ìwé ilé wa ṣe ìdúró fún owó tí wọ́n yá oníṣòwò kan tí a kò mọ̀ rí. Oníṣòwò náà sá lọ, wọ́n bá ta ilé wa. Ọlọ́pàá ló bá wa kó ẹrù síta. Mo rí ìkòkò ìyá mi létí gọ́tà, ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Inú ń bí mi títí dòní. A kó padà sí yàrá kan nínú agboolé wa ní Iléṣà.

Ṣé kò síjọba ni? Ìjọba kúkú wà. Ọ́fíìsì kan wà ní Òṣogbo tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn tí báńkì bá rẹ́ jẹ. A kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n ní àwọn á pè wá. Wọn ò pè wá. Máníjà ni báńkì gbé lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì fún un ní ipò tó ga sí i.

"Òṣó ni màá ló," ìyá mi wí, "títí n ó fi gba ulé mi."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Nígbà tó di Mọ́ńdè, a wọ mọ́tò láti Iléṣà, ó sì lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, gèlè lórí, báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kí i, "Màmá, ẹ kú ìjókòó," wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mégáàdì gbé àga wá, ó kọ̀. Ó gbé omi wá, ó tún kọ̀.

"Mi ò wá ṣe àlejò," ló sọ fún un.

Gbogbo Mọ́ńdè la fi ń lọ, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí bàbá rẹ̀ kò sọ fún un ni pé ìtìjú ni òṣómàáló fi ń gbowó. Onígbèsè ní aládùúgbò tó ń wò ó, ó sì ní àna tó lè gbọ́. Ìjọba kò ní àna.

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, ọ̀gá kan jáde sí wa tòun ti fáìlì. Ó ní ẹjọ́ ti parí, báńkì jẹ̀bi. Mo fò sókè. Ó ní wọ́n ti bu owó ìtanràn lé báńkì, báńkì sì ti san án.

"Ta ni wọ́n san án fún?" ìyá mi bi í láti ilẹ̀.

"Ìjọba ni, mà."

"Ulé mi ńkọ́?"

Ó yẹ fáìlì wò síwá sẹ́yìn. "Wọn ò kọ nǹkan kan nípa ilé síbí, mà. Ẹ má bínú."

Ó padà wọlé. Ìyá mi fọwọ́ ti ògiri dìde. Mo ní ká máa lọ sílé. Ó bi mí pé ilé wo. Lẹ́yìn náà ó wo àga mégáàdì títí, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fún òun lómi.