Àwòrán Mi Láàárín Àwọn Olóògbé

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, mo jókòó láti ka ìwé òfin pátákó ìpolówó. Òfin àtijọ́ tí a ń lò ní Ọ̀wọ̀ kò mọ̀ ju pátákó onírin tí wọ́n fi ọ̀dà kọ lọ, bẹ́ẹ̀ pátákó oníná, tí àwòrán ń yí padà lójú rẹ̀ bí tẹlifíṣọ̀n, ti dé oríta wa. Wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tí yóò tún òfin náà ṣe nítorí pé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo sì máa ń fara balẹ̀ kàwé. Mo ka bí pátákó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí títì tó, àti bí iná rẹ̀ kò ṣe gbọdọ̀ wọ awakọ̀ lójú. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò sí ohun tó kù.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé mi ló wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó rí mi, ó dúró gbagidi.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?”

“Èmi ni. Kí ló dé?”

“Wọ́n ti gbé yín sí pátákó oríta. Àárín àwọn tó kú lẹ wà.”

Mo wọ bàtà, mo lọ wò ó. Àwòrán ìyá arúgbó kan láti Emure-Ile ló kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú òdòdó àti àwọ̀ elése àlùkò yí i ká. Wọn yóò sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ló tẹ̀lé e, mo dé fìlà funfun, òdòdó kan náà, àwọ̀ kan náà. Lẹ́yìn mi ni olóògbé mìíràn. Àwọn tí mo kọ́ níwèé ló ń bá mi yọ̀ fún ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwòrán náà yí padà kí n tó ka ìlà méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ tán.

Ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Tíṣà yẹn nà wá, ṣùgbọ́n èèyàn gidi ni.”

Mo ní, “Èmi nìyẹn.”

Ó wo pátákó, ó wò mí, ó sì rọra ti ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà, tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oríta yìí sì ni àwọn ará ibẹ̀ tó wá sọ́jà ń gbà padà sílé. Mo pè é lórí fóònù, kò wọlé.

Mo yíjú sí ọlọ́kadà náà. “Gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn yín, Bàbá.” Ó di apá mi mú. “Ó gbóná. Ẹ gùn ún.”

Lójú ọ̀nà, mo ní kó rọra sáré. Ó ní, “Ẹni tó wà lórí pátákó yẹn náà ló tún ń bẹ̀rù ọ̀kadà?”

Ìròyìn ti ṣáájú wa débẹ̀. Àwọn obìnrin kún iwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwégèlè. Nígbà tó rí mi, kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì ń wò mí.

“Ta ló wá kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń bá mi ṣe.”

A fún un ní oògùn rẹ̀ àti omi, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára mi títí di ọ̀sán.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ṣé mo ti rí ẹ̀bùn àwọn. Mo ní, “Mo rí i, ẹ ṣeun. Nígbà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ bi onítọ̀hún léèrè.”

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pàdé, ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò bá mi lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi abala kan kún òfin náà: kí ìkéde òkú àti ìkíni ọjọ́ ìbí má jọ ara wọn, kí àwòrán sì dúró pẹ́ tó láti kà. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ̀yin ni òkú àkọ́kọ́ tí yóò bá wa ṣòfin.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, akọ̀wé ìgbìmọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ o. Mo ti ṣí àpótí mi lọ́jọ́ náà. Aṣọ funfun tí mo tọ́jú fún ìsìnkú ara mi, mo ti yọ ọ́ jáde pé òun ni kí wọ́n fi wé àbúrò mi.”

Èmi gan-an kò gbọ́ èyí rí. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Akọ̀wé mú bíírò rẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí àwòrán kan pẹ́ tó?”

“Títí ẹni tí kò mọ̀wé yóò fi rí ẹni tí yóò kà á fún un.”

Akọ̀wé yíjú sí mi, ó bi mí bóyá kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.