Ebè Mẹ́rin Tó Kù

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín: èmi tí mo gba A nínú ìdánwò lórí iṣu ni mo pa èbù ìyá mi!

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì, mo sì wà nílé ní abúlé wa lẹ́bàá Akínyẹlé, mò ń retí iṣẹ́. Bàbá mi ti ṣaláìsí nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta níbẹ̀. Irú iṣu tí wọ́n fi sílẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ìyá mi kò sì fẹ́ kó run.

Nígbà tí iṣu tuntun tó ó wà, màmá ní kí n wà á, kí n fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè, torí orí yẹn ló máa tún ta, tí yóò di èbù ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé èmi ni wọ́n ń bi? Èmi tí mo kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí rẹ̀!

Mo tú ebè yí ká, mo gbé orí iṣu sókè tìtàkùn-tìtàkùn kí n lè rí ibi tí màá gé, mo gé e, mo sì bò ó padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é láti ebè dé ebè. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ìtàkùn ti rọ. Ebè mẹ́rin péré tí n kò tíì dé ló ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Bàbá Dèbórà, ará ìjọ Aládùúrà tí oko wọn bá tiwa pààlà, wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Àgbà ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ kó dìde kí yín ni, tẹ́ ẹ fi fà á nàró?”

Màmá kò bú mi. Wọ́n kàn sọ pé bàbá mi ni kò jẹ́ kí àwọn máa pè mí wá sóko, kí n lè ráyè kàwé. Ẹ gbọ́ o! Ìwé nípa iṣu!

Bàbá Dèbórà fà mí lọ sídìí ebè tó kù. Wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ kan péré, wọ́n ti ọwọ́ mi bọ inú iyẹ̀pẹ̀, ọwọ́ wọn lórí ọwọ́ mi. “Má wò ó. Fọwọ́ wá ọrùn ẹ̀.” Mo gé e síbẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ìtàkùn kò mì rárá. Wọ́n ní bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọwọ́ ta ló ń wù mí kó wà lórí tèmi lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

N kò sọ pé yunifásítì kò kọ́ mi ní nǹkan. Mo lè ṣàlàyé ìdí tí ìtàkùn fi rọ: gbòǹgbò rẹ̀ ni mo fà já. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́ rí, kó ní kí n ṣe é kóun rí i. Ó ń wù mí kí ìdánwò ọ̀hún jẹ́ ti orí ebè: ẹni tí ìtàkùn rẹ̀ bá rọ, kó padà wá tún un ṣe títí yóò fi mọ̀ ọ́n, kí àgbẹ̀ bíi bàbá mi sì wà lára àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ǹ bá ti wá bá bàbá mi lóko nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.

Orí mẹ́rin yẹn ta. Èbù wọn la fi tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìwé jẹ́rìí pé ẹ mọ̀, tí ọwọ́ yín kò mọ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó lè kọ́ yín bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ná, kí ẹ tó dá mi lóhùn.