Ìròyìn Inú Grínháòsì Àǹtí

Nígbà tí mo kó dé ilé Àǹtí ní Surulere, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ni onílé mi, èmi sì ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ẹ̀yìnkùlé tí ẹlòmíì ì bá fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ grínháòsì sí. Irin ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀rá funfun bò ó látòkè délẹ̀. Tàtàṣé ni wọ́n ń gbìn sínú rẹ̀, àti kùkúḿbà. Tàtàṣé náà a máa pọ́n, a máa dán bí ẹni fi epo pa á.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Yaba ló bá wọn ri ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló ń wo bí ooru ṣe mú tó àti bóyá ilẹ̀ ń fẹ́ omi, a sì máa fi jíṣẹ́ sórí fóònù wọn. Àǹtí fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, fóònù ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń wọn aṣọ fún wọn, ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí pè wọ́n. Ó ní òun ń ta nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣíji bo oko, òun sì gbọ́ pé ooru ti ń pọ̀ jù nínú grínháòsì wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Àǹtí ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan, àní èmi tí a jọ ń gbélé. Wọ́n bi í pé ta ló sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gé fóònù náà.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí ní kí n sin àwọn lọ sí Yaba. Ọ̀gá ibẹ̀ kéré sí àbíkẹ́yìn wọn. Ó fi ọ̀wọ̀ gbà wá, kò sì sẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọkùnrin náà ti gbọ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ló ni ìròyìn tí ẹ̀rọ bá kó jọ, àwọn sì lè fún ẹni tó bá wù wọ́n. Inú bí mi. Àǹtí ò tiẹ̀ gbé ohùn sókè.

“Ọmọ mi, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wọn ìgbóná ara aláìsàn,” ni wọ́n wí. “Ọsibítù ló ni tẹmómítà. Ẹni tó ń ṣàìsàn ló ni àìsàn rẹ̀. Mi ò gbé e jáde sójú títì rí.”

Ọ̀gá náà ní òun á rò ó wò. Àǹtí ò dúró dè é. Wọ́n pe àwọn olóko tó ń lo irú ẹ̀rọ yẹn, láti Mushin títí dé Ebute Metta, wọ́n sì pàdé ní pálọ̀ wọn. Ẹnì kan ní kí àwọn fa ẹ̀rọ náà tu, kí àwọn dà á nù. Àǹtí ní rárá, ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí gbogbo wọn pa á títí ilé-iṣẹ́ yóò fi gbọ́.

Kò rọrùn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Àràárọ̀ àti ọ̀sán ni Àǹtí ń wọ grínháòsì lọ fọwọ́ kan ilẹ̀, tí wọ́n á sì jáde tí òógùn ti bò wọ́n. Díẹ̀ nínú kùkúḿbà náà kú. Èmi ń wò wọ́n látojú fèrèsé, mò ń sọ nínú ara mi pé bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti tan ẹ̀rọ yẹn.

Ilé-iṣẹ́ ló padà wá. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló mú àdéhùn tuntun dání: ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá rí, ti olóko ni, olóko nìkan ló sì lè ṣí i fún ẹlòmíì. Àǹtí ní kó fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó fi kún un kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Mo rò pé Àǹtí á ti ìròyìn tiwọn pa gbagba. Kò pẹ́ ni obìnrin kan wá láti Mushin, ooru ń pa tòmátì rẹ̀, kò sì mọ ohun tó lè ṣe. Àǹtí fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n sì ṣí gbogbo ìròyìn oko wọn fún un, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo ní ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà nìyẹn.

“Òun bèèrè lọ́wọ́ mi,” ni Àǹtí wí, “mo sì fún un.”

Tòmátì obìnrin náà yè.