Anti Tó Kí Gbogbo Èrò Òkè

Bí mo bá ti gbọ́ “ẹ kú ìrìn,” anti kan tá a jọ ń tọ́jú arúgbó ní Manchester ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ bank holiday, ìsinmi ìjọba, tá a lọ gun òkè, èrò ń wọ́ bí eèrà, síbẹ̀ gbogbo òyìnbó tá a pàdé ni anti kí pé “ẹ kú ìrìn.” Wọ́n tún ń kúnlẹ̀ fáwọn tó hewú. Ojú tì mí.

“Anti, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò mọ̀ wá.”

“Ṣé ká wá kọjá lára ọmọ èèyàn bí ẹni kọjá lára igi ni?”

Nígbà òtútù, anti gba ìsinmi, wọ́n sì kú sínú yàrá wọn. Ọjọ́ kẹta la tó mọ̀. Ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì mi ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ lọ kí wọn rí.