Ayé Mẹ́ta Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n kọ ìtàn náà fún òun. Òun náà ló sì bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí a sin Màámi ni nǹkan yí padà. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, iwájú ilé wa ní Bẹẹrẹ ló ti ń ránṣọ. Lọ́jọ́ kan, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó kọjú sí ògiri. Ó di kí n bẹ̀ ẹ́ kó tó wẹ̀. Àwọn ará ìjọ wá gbàdúrà, wọ́n wọ́n omi sí i lára. Ìyàwó àbúrò bàbá wa ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. "Ẹ máa lọ sílé yín," mo wí.

"Ká ní mo lọ síléèwé nọ́ọ̀sì yẹn ni." Ohun tó ń sọ láàárọ̀ nìyẹn, òun ló ń sọ lálẹ́. Lóòótọ́, wọ́n gbà á síbẹ̀ nígbà ọmọge rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó lọ gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá Màámi dùbúlẹ̀. Ó dúró tì í. Èmi lọ síléèwé, mo di tíṣà, mo sì ń kọ ìtàn.

"Ìwọ tó ń kọ nípa èèyàn tí kò sí," ló wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "kọ ayé tí mi ò jẹ fún mi."

Nínú ìtàn, mo wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, mo sọ ọ́ di ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Mo kà á fún un.

"Ta ló wá ń tọ́jú Màámi?"

"Màámi ò ṣàìsàn níbẹ̀."

"A jẹ́ pé ìyá ẹlòmíì nìyẹn. Tún un kọ."

Mo tún un kọ: èmi ni mo jókòó ti Màámi. Ẹ̀rín pa á, àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú. "Ìwọ tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀wà jóná? Ebi ni ì bá pa Màámi." Ojú rẹ̀ tún fà ro. "Mi ò lè gba ayé tìrẹ jẹ."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fún un lọ́kọ àtọmọ ní Òkè-Àdó. Ó ní òun ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń fọwọ́ lu tábìlì bó bá ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dá ọkùnrin náà! Mo ní n óò yọ ìwà yẹn kúrò. Ó ní rárá, bó ṣe rí nìyẹn.

Ó sú mi. Mo ju bébà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ gan-an? Iṣẹ́, ẹ kọ̀. Ọmọ, ẹ kọ̀. Ẹ kúkú kọ ọ́ fúnra yín!"

Kò bínú. "Obìnrin inú ìtàn rẹ, ṣé ó máa ń sùn?"

"Ó ń sùn."

"Tó bá jí, ṣé ara rẹ̀ máa ń wúwo bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e?"

Mo ní rárá.

"Oorun yẹn nìkan ló wù mí. Máa kó ìyókù lọ."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá ọkọ fún un, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oorun fún mi. Mo bi í bóyá á bá mi lọ rí dókítà.

"Ṣé mo ya wèrè ni?"

"Ẹ ò ya wèrè. Àìsàn ló ń ṣe yín."

Ó ní kí n bá òun gbé omi sí balùwẹ̀.

Dókítà náà kò bú u. Ó fún un lóògùn, ó ní kó máa wá bá òun sọ̀rọ̀. Oògùn náà ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa gbẹ. Ó fi ìyẹn dà mí láàmú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá kúrò nílé. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò ní jáde ní yàrá rárá. Ṣùgbọ́n ó ń sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kadà kan gbé ọ̀kadà dí ẹnu ọ̀nà wa. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi níta, ó le bíi ti àtijọ́: "Ṣé bàbá rẹ ló kọ́lé yìí ni?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Kò gbẹ̀bẹ̀. Ó ń bú u lọ, mo sì jókòó sínú ilé, mo fi í sílẹ̀ kó bú u tẹ́rùn.