Orúkọ Tí Kò Sí Lábẹ́ Fọ́tò

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí mo bá ní ọmọ kan di ìyá bàbá rẹ̀ lójú mi, lọ́sàn-án gangan, ní Woolwich, ẹ ó ní, "Akọ̀wé ti tún dé, ẹ di etí yín." Ẹ dì í, ṣùgbọ́n ẹ fi ihò díẹ̀ sílẹ̀.

Yàrá kan wà nítòsí odò nígbà náà, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń wú ilẹ̀ káàkiri nítorí rélùwéè tuntun. Òórùn ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kí ènìyàn: òórùn ìwé gbígbó, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ tí káńfọ̀ sì gba imú ẹni, pẹ̀lú òórùn ẹrẹ̀ odò tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ìtàn èbúté náà sí: àwòrán ọkọ̀ ojú omi, ìwé àwọn òṣìṣẹ́, fọ́tò àwọn ọkùnrin tó ń ru ẹrù létí omi, gbogbo rẹ̀ nínú páálí aláwọ̀ eérú. Obìnrin òyìnbó kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ló ń bójú tó wọn. Wọ́n fẹ́ kó àwọn páálí náà lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan tó jìnnà. Kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n pa, ó ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò pé ẹni tó bá mọ àwọn tó wà nínú fọ́tò, kó wá sọ orúkọ wọn.

Èmi ni akọ̀wé ìjọ aláṣọ funfun wa ní Plumstead. Nítorí pé ẹnu mi kì í sinmi, èmi ni wọ́n ní kí n mú Mummy lọ, kí n sì ṣe ògbufọ̀. Opó àgbàlagbà kan láti Thamesmead ni gbogbo wa ń pè ní Mummy. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá títí dé London. Yétúndé, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá wa lọ, ó sì ń wo fóònù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Lẹ́nu ọ̀nà, Mummy bọ́ bàtà.

"Mummy, ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì o."

"Ṣé òkú ò sí níbẹ̀ ni?"

Obìnrin òyìnbó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rò pé òfin kan wà tí òun ti ń rú láti ọjọ́ yìí wá, lòun náà bá bọ́ tirẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó wọ bàtà láàárín àwọn ẹni mímọ́ nìyẹn.

Wọ́n gbé fọ́tò náà síwájú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúró láàárín àpò kòkó. Ọ̀kan gẹ fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló ni ọkọ̀. Mummy fi ìka kàn án láyà. "Òun nìyí." Mo ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sókè. Ó mi orí. "Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn."

Mummy ní ẹ̀gbọ́n yìí ló gba ìwé iṣẹ́ ọkọ̀, àìsàn sì pa á kí ọkọ̀ tó ṣí. Àbúrò mú ìwé náà, ó wọkọ̀. Bó ṣe di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn: lẹ́nu iṣẹ́, nínú pasipọ́ọ̀tù, lórí òkúta ibojì rẹ̀ pàápàá. Orúkọ tirẹ̀ gan-an kò sí níbì kankan mọ́ láyé, àfi nínú Mummy.

Yétúndé gbé fóònù sílẹ̀. "Mum, wait. Orúkọ yẹn ni surname mi!"

"Orúkọ bùrọ̀dá bàbá rẹ lò ń jẹ́."

Obìnrin òyìnbó ní kò sí wàhálà, òun á tún un kọ. Kí Mummy ṣáà sọ orúkọ náà. Mummy la ẹnu, ó pa á dé. "Akọ̀wé, bá mi sọ fún un pé mi ò kì í pe orúkọ ọkọ mi." Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú àánú gba ojú òyìnbó. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé wọ́n ti jà ni.

"Mum, just say it jàre," ni Yétúndé wí. "Daddy ti kú. It's just a name."

"Just kí ni? Ìwọ ti pè é rí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, now!"

"Ẹn-ẹ́n."

Èmi ọlọ́gbọ́n wá dábàá pé kí n máa dárúkọ lóríṣiríṣi, kí Mummy kàn máa mi orí. N kò tí ì dárúkọ kejì tó fi di etí. "Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ fi ọkọ mi pa àlọ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fa fọ́tò náà mọ́ra. "Bí wọ́n bá gbé e lọ báyìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo fẹ́. Ìyá ọkọ mi nìkan ló ń fi orúkọ tirẹ̀ pè é. Ìyàwó tuntun ni mí, mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ọjọ́ tí ìyá kú, ilé dákẹ́."

Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, ó yí ojú padà, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn ikú ìyá náà ni wọ́n bí Yétúndé. Bàbá rẹ̀ kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju "Ìyá mi" lọ títí ó fi kú.

"Ìyá," ni Mummy wí, "ẹ súnmọ́ mi."

"Uncle, ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni," ni mo wí. "Ìyá ọkọ wọn."

Ọmọ tí kò fi 'ẹ' kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ rí, ìyá rẹ̀ ló ń ṣe 'ẹ' fún un yìí. Yétúndé tẹrí ba, Mummy sì sọ̀rọ̀ sí i létí. "Mi ò pè é o," ló tún fi kún un sókè, kí gbogbo wa lè gbọ́. "Mo dá a padà fún ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni."

Obìnrin òyìnbó gbé kálàmù. Yétúndé kọjú sí mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Uncle, wọ́n lè gba pasipọ́ọ̀tù wa nítorí èyí. Tí mo bá sọ ọ́, ta ni mo wá jẹ́?" Àwọn ènìyàn wa kan ti ń fi ojoojúmọ́ wá ìwé tí wọn ó fi han ìjọba pé àwọn ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú yìí kiri nígbà náà, àwọn tí wọ́n ti gbàgbé pé àlejò ni wọ́n. Mummy kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn jókòó láìwọ bàtà, ó ń wo ọkùnrin tó gẹ fìlà.

Nígbà tó yá, Yétúndé gbé ọwọ́ lé fọ́tò náà, ó sì pe orúkọ. Kì í ṣe òyìnbó ló sọ ọ́ fún. Ó pè é bí a ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta pé kó wá jẹun. Mummy kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, n kò ní kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe èmi ni ìyá rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò yọ̀ nínú mọ́tò nígbà tí à ń padà. Kí a tó dé Thamesmead, Yétúndé ní kí n dúró, òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Mo wò ó nínú dígí títí, obìnrin tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ tí kò sì mọ tirẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi pè mí láti kíṣìnnì. "Daddy Táyọ̀! Tíì yín ń tutù o!" Ó tún pè mí, ó sì wá yọjú sí yàrá, síbí lọ́wọ́, ó ní ṣé etí mi di ni. Mo ní kó pe orúkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi ti kú, bàbá mi ti kú. Ní gbogbo ìlú yìí, kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Kó pè é lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá mi, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. "Daddy Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo sì jẹ́ èyí tó pè.